Rédíò tí Wọn Kò Jẹ́ Kí Àkíbù Tú

Èmi Sẹ̀gilọlá Àṣàkẹ́, opó Àkíbù alágbẹ̀dẹ wúrà, ará Bẹ́yẹrunká ní Ìbàdàn, ni mo ń sọ ìfẹ́ inú mi yìí. Ara ló rẹ̀ mí; orí mi pé. Sàláúdéènì, àbúrò ọkọ mi, ni kí ó bá mi pín ohun tí mo bá fi sílẹ̀.

Ìkíní: Ìsọ̀ òwú mi ní Ọjà'ba di ti Mojọlá, ọmọbìnrin mi.

Ìkejì: Ewúrẹ́ mi, kí ẹ kó wọn fún Edith, ayálégbé wa. Òun ló ń bọ́ wọn láti ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ti ń wú.

Ìkẹta: Yàrá mi di ti Adébáyọ̀, àkọ́bí mi. Ẹ ó ní mo ti gbàgbé ohun tó ṣe. N kò gbàgbé.

Nígbà tí ojú bàbá rẹ̀ fọ́, rédíò tí mo rà ló ń bá a sọ̀rọ̀ bí mo bá lọ sọ́jà. Lọ́jọ́ kan rédíò náà dákẹ́. Àkíbù gbé e lé itan, ó ń fọwọ́ wá síkúrù rẹ̀. Ọwọ́ yẹn ti rọ yẹtí fún ọ̀pọ̀ ìyàwó ní Mápó. Adébáyọ̀, tó ń ṣe akọ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti rà á, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má tú u. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti fi òǹtẹ̀ dì í pa. Bí ẹ bá já a, wọn ò ní fọwọ́ kàn án mọ́, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ mi."

Bàbá rẹ̀ ní, "Ṣé wọ́n tà á fún wa ni, àbí wọ́n yá wa?"

Adébáyọ̀ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ní Èkó kí wọ́n tún un ṣe. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá. Àkíbù jókòó nínú ìdákẹ́jẹ́ títí ó fi kú. Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́ ni wọ́n dá rédíò padà láìtún un ṣe, wọ́n ní kí a ra òmíràn.

Mo já òǹtẹ̀ náà níṣojú Adébáyọ̀. Wáyà kan ló já. Sàláúdéènì fi òjé lẹ̀ ẹ́, ohùn jáde. Mo ní kí Adébáyọ̀ jáde kúrò nílé mi.

Ìkẹrin: Rédíò náà àti irinṣẹ́ Àkíbù, kí Sàláúdéènì kó wọn. Bí ó bá tún bàjẹ́, kí ó tú u. Kí ó má gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìkarùn-ún: Mo ti ní kí wọ́n kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé Adébáyọ̀ kò gbọdọ̀ dé ibi sàréè mi. Ní Jímọ̀ tó kọjá ó wá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò lè wọlé, kò sì lè lọ. Mo bu omi fún un. Ó mu ún, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ìbínú ti sú mi. Ẹ pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́. Òun ni kí ó gbé mi sọ̀ kalẹ̀ sínú sàréè.

Mo tẹ ìka mi síhìn-ín, ní Bẹ́yẹrunká, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá, ọdún 1964.

Ó ṣojú wa:
Màmúdù, ìmáàmù àdúgbò
Olúdayọ̀, tó bá a kọ ọ́