Káàdì tí Àbẹ̀kẹ́ fi ọwọ́ òsì fún mi

Bàbá mi, ẹni tí kì í jẹ́ kí oòrùn bá òun lórí ẹní,

Ẹ kú ìsinmi o. Fúnmi, àbíkẹ́yìn mi, ló ń bá mi kọ èyí, torí oko lẹ rán mi lọ, ẹ ò rán mi nílé ìwé. Ó ti ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo wà ní Ushafa, l'Ábújá níbí. Wọ́n ní kí n wá sinmi. Mo sinmi díẹ̀, mo wá lọ ra ọkọ́. Iṣu mi ti yọ lẹ́yìnkùlé. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi ahọ́n tọ́ erùpẹ̀ wò kí ẹ tó gbin nǹkan? Mo ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, Fúnmi figbe ta.

Ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ ti lọ kó tó dé. Ó ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, kò tíì sọ̀rọ̀. Kì í wo ojú ẹni, bí jẹnẹrétọ̀ bá sì dún lójijì, á fọwọ́ di etí, á máa sunkún. Dókítà ní òtísíìmù ni, pé ọpọlọ rẹ̀ ń gba ọ̀nà tirẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé yóò sọ̀rọ̀ tó bá yá. Fúnmi ò gbọ́. Níbo ló ti rí irú orí kunkun yẹn? Ẹ má dáhùn.

Ó ń gbé e lọ sí Dutse Alhaji, níbi tí olùkọ́ obìnrin kan ti ń kọ́ àwọn òbí bí wọ́n ṣe lè ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n lè tètè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ ṣì kéré. Wọ́n fún Àbẹ̀kẹ́ ní ohun tí yóò máa fi bo etí nítorí ariwo. Wọ́n tún fún wa ní káàdì: àwòrán omi, àwòrán ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwòrán bàtà. Èyí tí ọmọ bá fẹ́ ni yóò mú wá. Ìwọ á gbà á kíá, wàá pe orúkọ nǹkan náà, wàá sì fún un.

Lọ́jọ́ kan, ó mú káàdì omi wá bá mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló fi nà án sí mi. Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ká má tíì sọ ti fífún àgbà ní nǹkan. Mo fa ọwọ́ sẹ́yìn, mo ń dúró de ọ̀tún. Fúnmi sáré jáde láti ilé ìdáná.

“Bàbá, ẹ gbà á! Ọ̀rọ̀ ló ń sọ!”

“Kó fi ọ̀tún sọ ọ́.”

“Ẹ̀yin bàbá yìí náà!”

Káàdì ti bọ́ sílẹ̀. Ọmọ ti lọ.

Láti ìgbà náà, ó ń mú káàdì fún ìyá rẹ̀, fún bàbá rẹ̀, kódà fún ewúrẹ́ aládùúgbò. Èmi nìkan ló ń fò dá. Olùkọ́ ní ká kọ́kọ́ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde ná, ẹ̀kọ́ ilé ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣé ọmọ yìí á tún tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ mi kí n tó wá bá yín?

Olùkọ́ ní kí n jókòó sílẹ̀, kí n máa ṣe ohun tí Àbẹ̀kẹ́ bá ń ṣe. Ó ń to wóró àgbàdo sí ìlà kan, èmi náà to tèmi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlà rẹ̀ gún ju ebè yín lọ, ẹ má bínú.

Láàárọ̀ àná, mo ń mu ẹ̀kọ gbígbóná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dé. Ọwọ́ òsì náà ni. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gba káàdì, kó má lọ yí ọkàn padà. Mo ti ń na ọwọ́ sí ife omi kí n tó wo àwòrán. Kì í ṣe omi. Kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èmi ni, tèmi ti fìlà oko mi! Fúnmi ti ya fọ́tò mi láì sọ fún mi.

Wọ́n ní ká pe orúkọ nǹkan náà, ká sì fún un. Mo ní, “Bàbá àgbà.” Mo gbé ẹ̀kọ tì, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì mí, ó ń to àgbàdo rẹ̀ lọ.

Èmi ni ọmọ yín olórí kunkun, tí ẹnì kan ń tọrọ ní Ushafa.