Ọkọ Ṣèyífúnmi Wà ní Houston

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án, 2025

Evelyn ìyàwó mi kú ní oṣù kẹta ọdún 2023. Iléṣà ló ń lọ, láti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun nìkan ló dá rìnrìn àjò náà. Ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ bàálù ní ìlú òyìnbó ló ṣubú sí, kò sì dìde mọ́. Ẹnì kan tó mọ orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo ti sọ ọ́. N kò ní sunkún sí i mọ́.

Èmi kò kàwé. Fóònù ni mò ń sọ̀rọ̀ sí, òun ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣèyífúnmi, ọmọ ọmọ mi, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, kò ní dá yín lóhùn." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń dáni lóhùn nínú ilé yìí ti pọ̀ jù.

Ohun tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lónìí — Ṣèyífúnmi ń lọ sí Sulemáníyà! Ìlú àwọn Kúrdì ni, ní òkè Ìráàkì, àárín àwọn òkè ńlá. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ni iṣẹ́ rẹ̀, ó ń ṣe é fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti gé. Ojú àwọn ènìyàn ìlú náà ti rí ogun; ọ̀pọ̀ ló tẹ bọ́ǹbù inú ilẹ̀. Wọ́n ní kó wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Òun nìkan! Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé tíì mi lórí tábìlì, ó di omi tútù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Ọ̀gá Síménti ti gbọ́. Orúkọ tí mo ń pe Olúdọ̀tun nínú ikùn mi nìyẹn — àkọ́bí mi, bàbá Ṣèyífúnmi. Ilé rẹ̀ ni mò ń gbé ní Pearland, lẹ́bàá Houston. Tí ojú rẹ̀ bá ti le tán, o lè fi mọ ilé. Ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Deer Park ló gbà á kó máa sọ fún àwọn yòókù pé ibí léwu, ọ̀hún léwu. Ó wá ń ṣe iṣẹ́ náà bọ̀ wálé.

Ó ní, "Kò sí ibi tó ń lọ."

Ọmọ ní òun ti gbà fún wọn.

Ó ní, "Tí o bá lọ, má pè mí. Mi ò ní gbé e."

Ọ̀rọ̀ burúkú. Ó dìde, ó fi ẹ̀bà rẹ̀ sílẹ̀. Èmi jẹ ẹ̀bà náà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Mo lọ bá Ìyá Búrẹ́dì. Nasrin ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Sulemáníyà gan-an ni, opó bíi tèmi, ó ń yan búrẹ́dì pẹlẹbẹ nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣẹ́, tèmi fọ́ — a gbọ́ ara wa yé. Mo ní ọmọ mi ń lọ sí ìlú rẹ, òun nìkan, kí ni kó ṣe tí yóò fi padà bọ̀ ní odidi? Ó nu ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́, ó fà mí jókòó. Ayọ̀ rẹ̀ ju tèmi lọ.

Ó ní ìlú náà tòrò, àwọn obìnrin ń rìn fàlàlà níbẹ̀, kí n má fi ti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ṣùgbọ́n kó má dúró lójú títì pe tákísí. Kí onílé rẹ̀ bá a pè é. Kó jókòó sẹ́yìn, kó má bá dírẹ́bà ṣe yẹ̀yẹ́. Mo já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi wa lọ́rí láti Ìbàdàn dé Maiduguri títí irun mi fi funfun. Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin tí o bá bọ̀wọ̀ fún, iwájú lo ń gbé e sí! Ó mi orí. Ó ní níbẹ̀, obìnrin tó bá dá jókòó síwájú, dírẹ́bà lè rò pé ó ti gbà fún òun. Háà. Ká ní èmi ni mo gbà á nímọ̀ràn ńkọ́?

Aṣọ tó bo apá àti orúnkún. Ìborùn kò pọn dandan. Ilé tíì tó bá kún fún ọkùnrin nìkan, kó kọjá, kó wá èyí tí wọ́n ya àyè ẹbí sí. Kó má ya àwòrán sójà. Tó bá gun òkè, kó má yà kúrò lójú ọ̀nà rárá, bọ́ǹbù àtijọ́ ṣì wà nínú koríko.

Mo ní ṣé kí n di ata gbígbẹ sínú áńkáṣíìfù fún un, kó lè dà á sí ẹni burúkú lójú? Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ẹnu ju ata lọ. Kó pe àgbà ọkùnrin ní "mam", ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá rẹ̀ nìyẹn. Kó pe ọ̀dọ́ ní "kaka", ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tí o bá ti sọ di ẹbí, ojú yóò tì í láti ṣe ọ́ níbi.

Mo lu tábìlì. Yorùbá ni wọ́n! Àwọn ènìyàn yìí, Yorùbá ni wọ́n!

Ó ní tí ẹnikẹ́ni bá ń tẹ̀ lé e, kó pariwo "Eybe!" "Ìtìjú ni" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Èébì kẹ̀?" Mo fi ẹnu ṣe é kó rí ohun tí èébì jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Àwọn oníbàárà ń wò wá.

Èyí tó kẹ́yìn: kó wọ òrùka, kó sọ pé òun lọ́kọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún Ṣèyífúnmi, mo tún fi ẹnu ṣe èébì. Ó ní òun kò lè parọ́ ọkọ. "Bàbá, mo máa ń gbàgbé irọ́ mi."

Mo ní irọ́ wo? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ, ta ni mò ń pè ní ìyàwó mi? Ta ni ìwọ ń pè ní ọkọ mi?

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ gbọ́n o."

Mo mú òrùka Evelyn, mo fi sí i lọ́wọ́. Ó bá a mu. Ohun tí yóò máa sọ: Ọkọ mi wà ní Houston. Dírẹ́bà ni. Ó lágídí. Ó máa ń pè mí lójoojúmọ́. Ẹ wá irọ́ níbẹ̀, ẹ kò ní rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Ó ti lọ. Bùkọ́lá ìyá rẹ̀ ló wà wá dé pápákọ̀. Ọ̀gá Síménti kò jáde nínú yàrá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ó dé! Ó dé o! Òkè yí ìlú náà ká bí apá ìyá. Ó ń gbé yàrá òkè nílé obìnrin kan tó ń jẹ́ Gulala. Tí aago mẹ́wàá àárọ̀ bá lù níbí, alẹ́ ti ń lẹ́ lọ́dọ̀ wọn, òun náà sì ti kúrò níbi iṣẹ́. Àkókò ìpè wa nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo pè é, inú tákísí ló wà. Dírẹ́bà ti bi í léèrè pé ọkọ ńkọ́. Ó ní ọkọ òun nìyí lórí fóònù. Mo gbé ohùn sókè, "ÌYÀWÓ MI!" Ó ní ọkùnrin náà jókòó ṣánṣán, kò tún bèèrè ohun kan. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi dùn mí.

Ọ̀gá Síménti kò lọ síṣẹ́ lónìí. Mo rí bàtà rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó dúró, ó gbọ́ tán, ó lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Ó jẹ ìrẹsì tí wọ́n dì sínú ewé. "Bíi mọ́ínmọ́ín, Bàbá!"

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ẹ gbọ́ nǹkan! Ọ̀dọ́kùnrin kan ń tẹ̀ lé e lọ́jà lánàá. Ó yà sí ọ̀tún, onítọ̀hún yà. Ó yà sí òsì, onítọ̀hún yà. Gbogbo ohun tí a kọ́ ọ fò lọ lórí rẹ̀, àfi èyí tí mo fi ẹnu ṣe. Ó yíjú padà, ó ké, "Èébì!" Èébì tiwa, èébì Iléṣà! Wọ́n gbọ́ ọ. Gbogbo ìsọ̀ yọjú. Ó rí bàbá kan tó ń ta àsálà, ó ní, "Mam!" Bàbá náà fi igbá rẹ̀ sílẹ̀, ó lé ọmọ burúkú náà lọ, ó wá ń rìn níwájú ọmọ mi títí dé ẹnu ọ̀nà. Ó kí i, ó padà.

Mo jó ní kíṣìnì.

Mo ròyìn rẹ̀ nídìí oúnjẹ, bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ọ̀gá Síménti ní, "Ṣé ó fara pa?" Ohun àkọ́kọ́ tí yóò bèèrè nìyẹn láti ọjọ́ tó ti lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá

Gulala ní òun fẹ́ kí ọkọ. Wọ́n gbé fóònù sójú mi. Mo ti yọ eyín mi. Ọgọ́rin ọdún, láìsí eyín.

Obìnrin náà wò mí. Ó tún wò mí. Ó ké pe àwọn ará ilé, ojú obìnrin kún inú fóònù. Ọ̀kan ń nu omijé. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú wọn bi mí pé ìyàwó mélòó ni mo ní. Mo ní ọ̀kan, ó sì ti kú. Wọ́n kérora. Ó ní èyí ńkọ́, ìgbà wo ni mo fẹ́ ẹ? Èmi náà yan, mo ní, "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ló ti jẹ́ tèmi. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ."

Wọ́n pa fóònù mọ́ mi lójú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì

Ọ̀ràn ńlá! Ṣèyífúnmi pè, ẹ̀rín àti ìbẹ̀rù pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Gulala ti gbé àpótí rẹ̀ pamọ́, ó ní òun kò ní jẹ́ kó padà sọ́dọ̀ arúgbó yẹn. Ọmọ ní, "Bàbá àgbà mi ni." Èyí ló wá bà á jẹ́ pátápátá — wọ́n ní háà, wọ́n mú un fún bàbá àgbà rẹ̀ láti fẹ́! Wọ́n fẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ ìjọba láàárọ̀ ọ̀la.

Mo sáré bá Ìyá Búrẹ́dì. Mo fi fóònù lé e lọ́wọ́. Ó bá Gulala sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ń dà bí òjò. Ó tú ìdí "ọkọ mi" fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. Gulala náà ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn náà Gulala bèèrè ohun kan. Ìyá Búrẹ́dì yíjú sí mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní Gulala ní: ó dáa, bàbá àgbà ni ọ́. Bàbá rẹ̀ wá ńkọ́? Ìyá rẹ̀ ń pè, arúgbó ń pè. Ṣé bàbá ti kú ni? Ó ní òrùka dáa fún dírẹ́bà tákísí. Ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò ti ń sọ pé bàbá rẹ̀ ti kọ̀ ọ́, ọmọbìnrin tí bàbá bá sì ti kọ̀, aláìlójútì á máa wò ó pé kò ní ẹni tí yóò bi òun léèrè.

Mo gba fóònù mi, mo wá sílé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin

Mo bá Ọ̀gá Síménti ní gáréèjì, ó ń tún ẹ̀rọ ìgékoríko ṣe. Mo sọ gbogbo ohun tí Gulala sọ. N kò dín in, n kò fi iyọ̀ sí i.

Ó ń de nọ́ọ̀tì kan. Ó dè é kọjá ibi tó yẹ kó dè é dé. Ó ní, "Bàbá, èmi ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì Mọ́mì."

Mo ní mo mọ̀.

Ó ní, "Mọ́mì ní ẹ̀rù ń ba àwọn láti dá lọ. Mo ní kí wọ́n máa lọ, kò séwu. Èmi! Èmi tí wọ́n ń sanwó fún kí n máa rí ewu!"

Láti ìgbà tí a ti sin Evelyn, kò sọ ọ́ fún mi rí. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é mọ́. Mo ní, "Ìyá rẹ ti kú, Dọ̀tun. Ọmọ rẹ kò kú. Ó wà láàyè, ó ń pariwo láàárín ọjà, o kò sì gbọ́ ọ."

Mo wọlé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún

Ọ̀gá Síménti ló wà wá lọ ṣọ́ọ̀ṣì. A dé tètè. Bùkọ́lá ti wọlé lọ bá àwọn akọrin. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ ló kù nínú ọkọ̀. Fóònù mi dún. Ojú Gulala ni mo kọ́kọ́ rí, Ṣèyífúnmi wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ti bèèrè bí wọ́n ṣe ń pe bàbá lédè wọn. Mo ní, "Gulala. Bawk." Mo yí ojú fóònù sí Dọ̀tun. Mo ní, "Ọmọ rẹ nìyí. Èmi ti gbé e dé ibi tí agbára mi mọ. Láti òní lọ, ìwọ ni kó máa pè."

Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á. Mo gbọ́ tí ọmọ ní, "Daddy?"

Mo sọ̀kalẹ̀. Kí n tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, mo gbọ́ ọ tó ní, "Ṣèyí. Ṣé o ti jẹun?"