Ẹrẹ̀ Inú Páìpù Kẹta

Agbolé Fàsásì,
Bẹyẹrunkà, Ìbàdàn.

Zulaihat ọmọ mi, Àjíkẹ́,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé ara le? Ṣé ooru Èkó ò pọ̀ jù fún ọ? Gbogbo wa nílé ń kí ọ. Ọlọ́run Ọba ò ní jẹ́ ká fi ojú sunkún ara wa, ìwé tí o ń kà yẹn, wàá kà á yọrí, ẹni tó ní kò ní ṣeé ṣe fún ọ, ojú rẹ̀ á rí i, àmín. Ìyá rẹ wà dáadáa, orúnkún nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó ní àtẹ̀gùn Màpó ló fà á, bẹ́ẹ̀ ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti dé Màpó kẹ́yìn. Páànù ẹ̀yìn ilé tí atẹ́gùn ká lọ, a ti kàn án padà.

Ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, tí mi ò pè ọ́. Mo ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yìí, bí mo bá ti gbọ́ tí o pè mí ní Bàbá mi báyìí, ẹnu mi á wúwo, màá wá máa béèrè bóyá o ti jẹun. Ìyá rẹ sì ti ní dandan ni kí fóònù máa pariwo síta tí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, kí òun náà lè gbọ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe èyí tí mo lè sọ lójú ẹ̀. Abdulmumin tó ń wakọ̀ láti Mọ́lété sí Èkó ló máa mú un fún ọ. Mo ti ní kó má ṣe fún ẹlòmíì.

Ṣé o rántí Iléyá tó kọjá, tí o ti Èkó gbé páìpù mẹ́ta wálé, tí ẹrẹ̀ kún inú wọn? O ní ìsàlẹ̀ òkun lẹ ti kó o, pé ilé àyẹ̀wò kan n'Íbàdàn níbí lo ń gbé e lọ, àmọ́ wọ́n ti tilẹ̀kùn nítorí ọdún, kó ṣì wà nínú firísà ìyá rẹ di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo bi ọ́ pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹrẹ̀ ṣe. O jókòó, o ṣàlàyé fún mi, pé bí ògì ṣe máa ń jókòó sísàlẹ̀ ike, bẹ́ẹ̀ náà lẹrẹ̀ ń jókòó sísàlẹ̀ òkun lọ́dọọdún, tuntun lórí ti àtijọ́, pé òjé àti àwọn irin mìíràn tí èèyàn bá dà sómi máa ń bá a jókòó síbẹ̀, pé tẹ́ ẹ bá gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ẹ máa mọ ọdún tí wọ́n dà á. Inú mi dùn. Mo sọ fún Jubril ọ̀rẹ́ mi ní mọ́ṣáláṣí pé ọmọ mi ń ka ẹrẹ̀ bí ẹní ń kàwé.

Lọ́jọ́ kejì ọdún, iná ò sí láti àná, ìgbà tó wá dé, ẹran àgbò ti kún ilẹ̀. Ìyá rẹ ò sí nílé, ìwọ náà ti jáde lọ kí àwọn èèyàn. Mo ní kí n bá yín ṣètò firísà. Mo yọ páìpù kẹta kí itan àgbò lè ráyè, mo gbé e lé orí kẹ́ẹ̀gì omi, ló bá yí, ló bá já. Ìdérí ẹ̀ ṣí, ẹrẹ̀ òkun dà sílẹ̀ yàà, kí n tó bẹ̀rẹ̀, adìẹ ti wọ inú ẹ̀.

Háà! Ẹ̀rù bà mí. Mo ro gbogbo wàhálà tí o ṣe lórí omi. Mo wá sọ fún ara mi pé ẹrẹ̀ kúkú lẹrẹ̀. Mo mú ṣọ́bìrì, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí mo ti ń yọ́ òjé, torí ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó jọ ti inú páìpù. Má rò pé mo ṣe é ní yẹpẹrẹ o! Mo ṣa òkúta inú ẹ̀ kúrò, mo pò ó, mo wá rántí pé omi òkun níyọ̀, mo bu iyọ̀ sí i, mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò, mo tún bu díẹ̀ sí i. Mo fi ìdí ọmọrọgùn ìyá rẹ kì í sínú páìpù, mo dé e, mo nù ún, mo tì í sábẹ́ ẹran. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí o ń gbé e lọ, o ní kí n ṣeun tí mo bá ọ tọ́jú ẹ̀. Mo ní kò tọ́pẹ́.

Mo rò pé ó tán nìyẹn. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí o fi àwòrán kan ránṣẹ́ sórí fóònù, ìlà kan tó gòkè lọ fíofío tó tún já wálẹ̀. Mo rò pé Òkè Màpó lo yà. Jubril ní rárá, pé irú ẹ̀ ni wọ́n fi han òun nígbà tí wọ́n yẹ ọkàn òun wò ní ọsibítù, pé ẹni tó bá ni eléyìí ò lè pẹ́ láyé. A jókòó, a ṣàdúà fún onítọ̀hún. Ìgbà tí o pè nírọ̀lẹ́ ni mo tó mọ̀ pé òjé inú páìpù kẹta ni. Ayọ̀ kún ohùn rẹ, o ní ọ̀gá yín ò rí irú òjé bẹ́ẹ̀ rí, pé iléeṣẹ́ oníbátìrì kan tó ti wà létí òkun rí ló dà á, pé o máa dárúkọ wọn lójú àwọn ìjọba ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀.

Zulaihat, jọ̀ọ́, má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Èmi ni iléeṣẹ́ náà.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi fọ́ bátìrì ọkọ̀ lẹ́yìnkùlé yẹn, tí mò ń da omi inú ẹ̀ sílẹ̀, tí mò ń yọ́ òjé ibẹ̀ fún àwọn apẹja tí wọ́n ń so ó mọ́ àwọ̀n. Òun ló rán ọ nílé ìwé. Bóyá òjé tèmi náà wà ní ìsàlẹ̀ òkun yín lóòótọ́, ìwọ lo mọ ìyẹn. Àmọ́ ti inú páìpù kẹta, ilé wa ló ti lọ. Ẹ̀rọ yín ò parọ́. Ohun tó kàn yà mí lẹ́nu ni pé ó rí òjé, kò rí iyọ̀ ìyá rẹ.

Ká ní ti ìwé nìkan ni, mo bẹ̀rù pé mi ò bá dákẹ́. Kí Ọlọ́run foríjì mí. O máa ti rí i pé mi ò tíì dárúkọ Bushrah látòkè. Ṣé o rántí ohun tí o sọ kẹ́yìn lórí fóònù? O ní bí èèyàn bá ń gbé orí irú ẹrẹ̀ yẹn, kó gbé ọmọ ẹ̀ sá, pé ó máa ń wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé, á máa fún un ní inú rírun, á sì máa fa ọpọlọ ẹ̀ sẹ́yìn. Ìyá rẹ ní kí Ọlọ́run ṣàánú wọn. Bí o ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ojú fèrèsé ni mo wà. Bushrah ọmọ rẹ tí o fi sọ́dọ̀ wa kí ìwé lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹ̀yìnkùlé ló jókòó sí, ó ń bu ilẹ̀ sínú agolo mílíìkì, ó ń lá ìka ẹ̀. Mò ń wò ó, o sì ń ní halo, halo, o rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́ta. Títí di òní, màmá àti omi nìkan ló mọ̀ ọ́n pè. Èmi ni mo ń sọ fún ọ pé àwọn ará ilé bàbá ẹ̀ kì í tètè sọ̀rọ̀. Inú tó ń run ún, a ní aràn ni, a ń fún un lágbo. Láti ọjọ́ tí o pè yẹn ni mo ti gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Òkè Padre, mo sọ fún ìyá rẹ pé ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí wọ́n gbé e wá. Irọ́ ni mo pa. Mi ò dáná òjé mọ́ láti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù, mo mọ̀.

Mi ò ní kí o má bínú. Bínú sí mi, ó tọ́ sí mi. Lọ bá ọ̀gá yín, sọ fún wọn pé bàbá rẹ ló ba páìpù kẹta jẹ́, kí ojú má baà tì ọ́ lọ́jọ́ kẹrìnlá. Owó tí o máa ń kó sọ́dọ̀ ọmọbìnrin oní-POS yẹn ní Bẹẹrẹ lóṣooṣù, tó ń bá wa tọ́jú ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀ (mo máa ń ṣàdúà fún un, kò jẹ ẹ́ rí), má fi ti oṣù yìí ránṣẹ́. Fi wọ ọkọ̀ wálé. Mo tún tọrọ díẹ̀ sí i lọ́wọ́ rẹ, kì í ṣe fún oúnjẹ, kì í ṣe fún oògùn mi, kí wọ́n fi yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn wò ni. Tí kò bá tó, màá ta kẹ̀kẹ́ mi.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà. Wàá jèrè ìwé rẹ, wàá jèrè ọmọ rẹ, aṣìṣe mi ò ní di ìpalára fún yín, láṣẹ Ọlọ́run.

Mo lọ wo Bushrah ní Òkè Padre lánàá. Ó sáré wá, ó di ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi mú, ó ń sunkún kí n gbé òun lọ sílé. Mo já ara mi gbà, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Wá gbé ọmọ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fàsásì