Ohun Yíyọ̀ Inú Rọ́bà Ìtọ̀ Yín

Bàbá mi tí mo ń pè tí kò dáhùn,

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó máa bí yín nínú. Mo ti kọ iṣẹ́ Lọ́kọ́ja. Láti ìgbà tí wọ́n ti fún wa ní ìpínlẹ̀ Kogí, gbogbo Kàbà ló ń sáré lọ síbẹ̀, àbúrò yín sì ti bá mi wá àyè sí iléeṣẹ́ ìjọba. N kò lọ.

Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ yín nígbà àìsàn tó pa yín ló fà á. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi kí n máa fi ewé ìpín ha inú àmù, nítorí pé bí omi tilẹ̀ mọ́, inú ìkòkò ṣì lè máa yọ̀. Ní gbogbo Sátidé ẹ ó tẹ orí bọ inú àmù, ẹ ó máa ha á, àwọn ìyàwó ilé á máa fi yín rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ẹ̀yìn rọ́bà nìkan ni mo ń fi ọṣẹ fọ̀ láràárọ̀. Ó ń dán, mo rò pé ó mọ́. Inú rẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí ibà yẹn dé, abẹ́rẹ́ lórí abẹ́rẹ́, kò gbọ́. Ará ilé ní iṣẹ́ ayé ni. Irọ́ gbuu!

Yunifásítì ni mo ti wá mọ̀ pé àwọn kòkòrò àìfojúrí ló lẹ̀ mọ́ inú rọ́bà náà, wọ́n gbára jọ, wọ́n fi ohun yíyọ̀ bo ara wọn, oògùn kò sì ráyè wọlé bá wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, Bàbá: àwọn kòkòrò mìíràn ń bẹ nínú òkun tí ohun tó ń tara wọn jáde kì í jẹ́ kí àwọn yòókù rí ibi lẹ̀ mọ́. Kò pa wọ́n. Kò kàn jẹ́ kí wọ́n fìdí kalẹ̀ ni. Ọ̀gá onímọ̀ kan ní Èkó ń wá nǹkan yìí, kí wọ́n lè fi kun inú rọ́bà ìtọ̀, ó ti gbà mí sọ́dọ̀.

Àbúrò yín ti fajú ro. Lójú tiwọn, kí ni ọmọ Kàbà ń wá létí òkun? Mo lè darúgbó sídìí ìgò omi iyọ̀ kí n má rí nǹkan kan, mo mọ̀. Ṣé kí n wá jókòó sí ọ́fíìsì kí n máa lu òǹtẹ̀, kí rọ́bà máa pa bàbá ẹlòmíràn? Rárá o!

Ṣé ẹ ti mọ̀, lọ́jọ́ tí ẹ di ọwọ́ mi mú, pé n kò fọ ibi tó yẹ? Bí ẹ bá ń bínú, ẹ bínú. Ẹ má sáà ní kí n padà, torí n kò ní gbọ́. Ọ̀la ni mo máa wọ ọkọ̀ Èkó. Ọwọ́ mi yìí lẹ kú sí, Bàbá. Ọwọ́ náà ni mo máa fi wá a.

Èmi ni,
ọmọ yín olóríkunkun tó fẹ́ràn yín.