Ẹrẹ̀ Ìsàlẹ̀ Òkun

Olúyínká àbúrò mi,

Mo kí ọ àti ọ̀gá òyìnbó rẹ l'Ékòó. Ibà ti fi ìyàwó rẹ sílẹ̀. Iṣu wa ta dáadáa.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún Bàbá lórí ibùsùn àìsàn wọn: ọkọ̀ yín yóò kọ́kọ́ lọ sí Fẹnándò Pó, yóò dé Sàró, kó tó kọrí sí agbami, láti fi okùn fa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun sókè fún àyẹ̀wò.

Wọ́n bi mí pé, "Kò níí yà wò mí kó tó lọ?"

Mo ní, "Kò níí yà." Ọdún mẹ́ta ni mo fi tọ́jú wọn, n kò rí ìdí tí n ó fi parọ́ gbè ọ́.

Wọ́n kọjú sí ògiri. "Má jẹ́ kó débi sàréè mi."

A sin wọ́n lánàá.

Kí Ọlọ́run mú ọkọ̀ yín gúnlẹ̀. Fi iyọ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n má wá.

Títíladé, ẹ̀gbọ́n rẹ, Lálúpọn.