Ilẹ̀kùn Tí Kò Ní Kọ́kọ́rọ́

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ara mi le, owó oṣù sì ń wọlé. Mo ṣì ń se oúnjẹ fáwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì márùn-ún tó ń fi ìgbé ayé Máàsì, ayé mìíràn tó wà lójú ọ̀run, dánra wò nínú ilé kan tí gbogbo wa ti ara wa mọ́. Wọ́n tiẹ̀ ya òṣùpá rẹ̀ méjèèjì sára àjà. Ó ku oṣù márùn-ún. Ilẹ̀kùn ò ní kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá jáde, afẹ́fẹ́ ìta á wọlé, iṣẹ́ oṣù méje àwọn ọmọ ọlọ́mọ á sì bàjẹ́.

Dókítà ní ìyá wa lè má lo oṣù yìí tán. Ọ̀gá wa ní, "Ìyá Ìdáná, ọwọ́ yín ló kù sí." Ó di ẹrù náà rù mí!

Jọ̀wọ́, lọ sílé, kí o lọ dúró ti màmá. Tí màmá bá béèrè mi, má dárúkọ Máàsì o, wọ́n á rò pé mo ti kú. Sọ pé ọwọ́ mi wà lára ilẹ̀kùn.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ délé.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.