Ọ̀sẹ̀ Méjì tí Bàbá Ṣónúgà Fi Ń Pè Wá

Ọjọ́bọ̀

Mo lọ wo Bàbá Ṣónúgà nílé wọn ní àdúgbò Thames View lónìí, torí àwa ọmọ ẹgbẹ́ tó ń fi rédíò bára wa sọ̀rọ̀ kò gbọ́ ohùn wọn láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ara wọn le.

"Ẹ̀yin lẹ ò dá mi lóhùn. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń pè yín."

Èmi ni mo fà á. Ariwo ń da rìpítà wa, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn ẹnì kan tó sì ń gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù, láàmú, ni mo bá tún un tò kó má gbé ohùn rédíò kankan jáde àfi èyí tó bá ń fi àmì kan ránṣẹ́. Mo ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké nínú ímeèlì. Bàbá kì í ka ímeèlì. Rédíò wọn ti gbó, kò lè fi àmì ránṣẹ́. Mo mọ̀, èmi ni mo máa ń tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n Bàbá ṣì ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ.

Mo ní màá bá wọn wá rédíò mìíràn.

"Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Jẹ́ kí etí yín sinmi."

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti rántí ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Kúnlé, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa, ló sọ ọ́ lórí rédíò lọ́sẹ̀ tó kọjá: "Etí wa ti sinmi lọ́wọ́ ìtàn tòmátì Bàbá." Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀rín kì í dé orí rédíò àfi téèyàn bá tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń sọ̀rọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.